Ọ̀pá Sítíárìn Tó Gùn Jù

Àwọn ọkọ̀ kan wà nínú gáréèjì àwọn ilé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò tíì rìn rí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó lè gbà á tó ọdún kan, ó sì lè gbà á tó ọdún márùn-ún. Ọjọ́ kan á wá dé tí ṣásí á ti dúró, tí ẹ́ńjìnnì á ti wọlé, tí wọ́n á sì gbé ìjókòó àkọ́kọ́ sí i. Bàbá á wọ inú ọkọ̀ náà, á jókòó, á na ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, á wá nawọ́ láti di sítíárìn mú bí ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Ìgbà yẹn ló máa rí i pé sítíárìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òun láyà. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ò ríbi yí sí. Kó ti ìjókòó sẹ́yìn ńkọ́? Ìjókòó ti kan irin ẹ̀yìn, kò síbi tó máa tì í sí mọ́. Ọ̀pá tó gbé sítíárìn dúró ló gùn jù. Àfi kó gé e.

Irin gígé ò le. Ayùn irin tó mú dáadáa á gé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé, nínú gbogbo irin tó wà lára ọkọ̀, ọ̀pá yìí ló dojú kọ àyà awakọ̀ tààràtà, òun náà ló sì so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ táyà iwájú. Tó bá já, ọkọ̀ ò ní gbọ́ tẹni tó ń wà á mọ́. Tí kò bá sì lè ká nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó ti di ọ̀kọ̀ tí wọ́n nà sí awakọ̀ láyà.

Irú ọkọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1957, Colin Chapman, tó dá iléeṣẹ́ Lotus sílẹ̀, gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tó ń jẹ́ Lotus Seven. Ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò ní òrùlé gidi, kò ní ilẹ̀kùn gidi, ìdí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Nígbà yẹn, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lórí ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tò parí, àmọ́ wọn kì í gbà á lórí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí oníbàárà máa lọ tò fúnra rẹ̀. Bó ṣe di pé àwọn èèyàn ń ra ọkọ̀ inú àpótí nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé òfin ò gbà kí wọ́n fi ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa to ọkọ̀ náà sínú ẹrù, ni Chapman bá fi ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa tú u palẹ̀ sí i, kí oníbàárà kàn máa kà á láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Owó orí yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1973, ọdún yẹn náà sì ni iléeṣẹ́ Caterham gba ọkọ̀ Seven lọ́wọ́ Lotus. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ ò jáwọ́. Ní 1996, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ron Champion ṣe ìwé kan jáde nípa bí èèyàn ṣe lè ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó tó lè má ju 250 pọ́n-ùn lọ: kó ra irin onígun mẹ́rin, kó jó o pọ̀ di ṣásí, kó wá tú ẹ́ńjìnnì, bíréèkì àti sítíárìn lára Ford Escort àlòkù. Iye táwọn tó gbìyànjú ẹ̀ ná gan-an, àwọn ìyàwó wọn ló lè sọ ọ́.

Nàìjíríà náà mọ ọkọ̀ inú àpótí. Ní 1975, iléeṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ti òkè òkun wá. Àmọ́ ọ̀pá sítíárìn tó bá bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní Kàdúná, wọ́n ti gé e bá ọkọ̀ yẹn mu láti ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó ń to Seven nínú gáréèjì rẹ̀ ò nírú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ara Escort tàbí Sierra ló ti tú tiẹ̀. Nínú Escort, awakọ̀ jókòó bí ẹni jókòó sórí àga ìjẹun, orúnkún rẹ̀ ká. Nínú Seven, ńṣe ló nà gbalaja bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ìtukọ̀ kékeré, dáṣíbọ́ọ̀dù sì wà nítòsí rẹ̀ gan-an. Aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíì ni ọ̀pá náà jẹ́ fún un.

Kéèyàn tó gé aṣọ náà, ó yẹ kó mọ ohun tó fà á tí wọ́n fi rán an bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, irin kan gbọọrọ ni ọ̀pá sítíárìn, ó ti iwájú ọkọ̀ wá títí dé ọwọ́ awakọ̀. Tí iwájú ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, irin náà á máa bọ̀ sẹ́yìn tààrà, awakọ̀ á sì máa lọ síwájú. Àyà awakọ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Ralph Nader, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó pariwo ọ̀rọ̀ náà síta, nínú ìwé tó kọ ní 1965 nípa ọkọ̀ tó léwu fún ẹni tó ń wà á. Nígbà tó fi máa di January 1, 1968, òfin ti dé ní Amẹ́ríkà pé tí wọ́n bá fi ọkọ̀ tuntun kọ lu ògiri níbi tó ti ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan, òkè ọ̀pá sítíárìn ò gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ju mílímítà 127 lọ, ìyẹn íǹṣì márùn-ún.

Ọgbọ́n tí àwọn ẹnjiníà dá sí i ò ṣòroó lóye. Wọ́n sọ irin gbọọrọ náà di méjì, wọ́n ki ọ̀kan bọ inú èkejì bí eriali rédíò, wọ́n sì fi ìṣó oníke kéékèèké dè wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ irin náà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń jẹ́ kí méjèèjì máa yí pa pọ̀. Iṣẹ́ ike ò ju pé kó gbà wọ́n dúró kí wọ́n má yọ̀ wọnú ara wọn. Lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ike á já, irin kan á sì wọnú èkejì. Nínú àwọn ọkọ̀ míì, páìpù tó bo ọ̀pá náà ní ihò bí àwọ̀n, ńṣe ló máa rún wọlé. Nínú àwọn míì sì rèé, oríkèé ni wọ́n fi tẹ ọ̀pá náà kọ́rọ́kọ̀rọ, kó lè ṣẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò kó wá bá awakọ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ni tó mú ayùn dání mọ̀ nìyẹn. Lójú tiẹ̀, irin tó pọ̀ jù ló ń wò. Àmọ́ apá kan lára gígùn tó ń wò yẹn kì í ṣe àṣẹ́kù rárá. Àyè tí irin máa fi wọnú irin lọ́jọ́ kan ni. Tó bá gé ibẹ̀, tàbí tó rí i pé ó ń mì díẹ̀ tó sì jó páìpù méjèèjì pọ̀, sítíárìn á ṣì máa yí dáadáa. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn. Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan, àmọ́ ó ti dá irin gbọọrọ ayé àtijọ́ padà síwájú àyà ara rẹ̀. Òòlù pàápàá lè fà á. Sítíárìn tó ti gan mọ́ orí ọ̀pá kì í tètè yọ, ẹni tínú ti ń bí á sì fẹ́ fi òòlù gbá orí ọ̀pá náà. Ike inú lọ́hùn-ún á ti já kó tó mọ̀.

Níbo ló wá yẹ kó gé? Ó dáa kó kọ́kọ́ wò ó bóyá gígé tiẹ̀ pọn dandan. Nígbà míì, irin pẹlẹbẹ tó fi so ọ̀pá náà mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló yẹ kó sún síwájú. Nígbà míì sì rèé, irin tó wà láàárín sítíárìn àti orí ọ̀pá ló ga jù, ìyẹn sì ṣeé pààrọ̀ láìgé ohunkóhun. Àwọn tó ti ṣe é rí kì í fi ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Ara èèyàn ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á wá páìpù omi oníke tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ gígùn, wọ́n á fi sítíárìn sórí rẹ̀, wọ́n á sì gbé e síbi tí ọ̀pá gidi máa wà. Awakọ̀ á wọ bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ tó bá ń lọ sóde, torí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, jákẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe kékeré. Á fẹ̀yìn ti ìjókòó, á na ọwọ́. Ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé orí sítíárìn láìjẹ́ pé èjìká rẹ̀ kúrò lára ìjókòó. Á gbé ẹsẹ̀ láti orí ibi tó ń tẹ iná sí bíréèkì, kó rí i pé itan òun ò kan sítíárìn. Ìyàwó tàbí ọmọ ló sábà máa ń bá a di ọwọ́ ìgbálẹ̀ náà mú tó sì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tí ìyàwó náà bá máa wa ọkọ̀ náà, kóun náà jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó gé nǹkan kan. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé èyí, ó sì máa ń dìjà lẹ́yìn náà.

Tí gígé bá wá di dandan, apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gé. Ìyẹn ọ̀pá kúkúrú tó wà láàárín ọ̀pá òkè àti ráàkì tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Apá òkè, níbi tí irin ti wọnú irin, wọn kì í fi ayùn kàn án.

Ọ̀pá ìsàlẹ̀ yẹn ní ẹjọ́ tiẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Seven, kò lè lọ tààrà, torí ẹ́ńjìnnì àti páìpù sàlẹ́ńsà wà lójú ọ̀nà. Ó ní láti tẹ̀, jọ́ìntì ló sì ń jẹ́ kó tẹ̀: amúga irin méjì tó dojú kọra, tí irin kékeré tó rí bí àgbélébùú so pọ̀. Ẹni tó bá ti wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rí ti rí èyí tó tóbi jù ú lọ lára irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Orúkọ Gerolamo Cardano ará Ítálì àti Robert Hooke ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe jọ́ìntì yìí títí dòní, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́.

Jọ́ìntì náà ní ìwà kan tó ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá wà tó sì tẹ̀ ní dígírí 30, ìdajì tó wà lápá ráàkì kì í yí bákan náà pẹ̀lú ìdajì tó wà lápá awakọ̀. Bí awakọ̀ tiẹ̀ ń yí sítíárìn lọ́nà tó dọ́gba, apá kejì á yára dé nǹkan bí ìlọ́po 1.15, á tún falẹ̀ dé nǹkan bí 0.87, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Ọwọ́ awakọ̀ á mọ̀ ọ́n: á le, á rọ̀, á tún le. Oògùn rẹ̀ ni jọ́ìntì méjì tó tẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí amúga méjèèjì tó wà lára ọ̀pá àárín sì kọjú síbì kan náà. Ohun tí ti àkọ́kọ́ bà jẹ́, ti ìkejì á tún un ṣe. Àmọ́ ẹni tó ti gé ọ̀pá àárín tó sì ń ki jọ́ìntì bọ orí rẹ̀ padà, tó bá fi lè fo eyín irin mélòó kan, amúga méjèèjì ò ní kọjú síra mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń fi ọ̀dà fa ìlà kan gbọọrọ láti orí dé ìdí ọ̀pá náà kí wọ́n tó tú bóòtù kankan. Wọ́n tún máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀pá àti ẹ́ńjìnnì, torí ẹ́ńjìnnì kì í dúró sójú kan. Orí rọ́bà ló wà, ó sì máa ń jó bí wọ́n bá tẹná mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe máa so ohun tí wọ́n gé pọ̀ padà ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Orí ọ̀pá tó wá láti iléeṣẹ́ ní eyín tín-ín-rín yípo, eyín wà nínú jọ́ìntì náà, eyín á sì wọnú eyín. Bóòtù kan á wá fún jọ́ìntì náà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé bóòtù yẹn ò wà fún fífún nìkan. Kòtò kan wà lára ọ̀pá náà tí bóòtù gbà kọjá, débi pé bó bá tiẹ̀ dẹ̀, ọ̀pá ò lè yọ kúrò nínú jọ́ìntì. Ẹni tó bá gé orí ọ̀pá dànù ti gé eyín àti kòtò yẹn dànù pẹ̀lú. Ó lè gbé ọ̀pá lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè la eyín àti kòtò tuntun sí i, ó sì lè ra ọ̀pá tuntun tó gùn bó ṣe fẹ́, tó ti ní eyín lórí àti nídìí. Èyí tó wọ́n nìyẹn. Èyí tí kò wọ́n ni kó gé àárín ọ̀pá, kó yọ ohun tó pọ̀ jù, kó sì jó orí méjèèjì pọ̀. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á ki páìpù tó nípọn bo ojú ibẹ̀ kó tó jó o, kò ní fi orí kan orí lásán. Síbẹ̀, iná máa ń yí agbára irin padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó, ojú lásán ò sì lè rí i. Tí ìdílé bá ní owó fún nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ọkọ̀ náà, kí wọ́n pa ti ọ̀dà tì, kí wọ́n ra ọ̀pá eléyín.

Ọ̀rọ̀ gígé ọ̀pá sítíárìn ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní May 1, 1994, Ayrton Senna, ọmọ ilẹ̀ Brazil tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú eré ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kọ lu ògiri ní pápá Imola ní Ítálì, ó sì kú. Àyè inú ọkọ̀ náà ti há jù fún un ṣáájú ìgbà yẹn, torí náà wọ́n ti gé ọ̀pá sítíárìn rẹ̀, wọ́n sì jó irin míì tí kò tóbi tó o mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n bá ọ̀pá yẹn ní ṣíṣẹ́, àárẹ̀ sì ti mú irin níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà fi jiyàn lórí bóyá ó ti ṣẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú ọ̀nà, àbí ògiri ló ṣẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù láyé. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé ṣe é.

Iṣẹ́ yìí ò jìnnà sílé pẹ̀lú. Ní April 2, 1972, Nàìjíríà ṣíwọ́ wíwa ọkọ̀ ní apá òsì, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Gánà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní August 1974. Látìgbà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ tó bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá máa ń wà, àwọn mẹkáníìkì kan sì wà tó ń bá èèyàn gbé e bọ́ sí òsì. Àwọn kan lára wọn máa ń wá ráàkì àti ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún apá òsì ọkọ̀ náà gan-an. Àwọn míì ń gé, wọ́n sì ń jó. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ kó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá rí àpá iná tó wú lára irin tó ń yí, kó béèrè pé, “Ọ̀gá, ta ló jó èyí?” Tí wọ́n bá dá a lóhùn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaji, ó ti ń rìn bẹ́ẹ̀ látọdún tó kọjá,” wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Nínú gáréèjì, nígbà tí ọ̀pá bá ti gùn mọ níwọ̀n, iṣẹ́ tó kù ò pọ̀ àmọ́ ó gba sùúrù. Irin tó so ọ̀pá mọ́ ṣásí gbọ́dọ̀ gbó dáadáa, torí ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ débi pé sítíárìn ni àwọn èèyàn máa ń gbára lé tí wọ́n bá fẹ́ dìde kúrò nínú rẹ̀. Ẹnì kan á yí sítíárìn láti òsì pátápátá dé ọ̀tún pátápátá, ẹnì kejì á máa tan iná sísàlẹ̀ kó lè rí i pé ọ̀pá ò kan páìpù bíréèkì tàbí wáyà kankan. Wọ́n á ka iye ìgbà tó yí, wọ́n á pín in sí méjì, ibẹ̀ sì ni táyà gbọ́dọ̀ ti dúró gbọn-in. Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó; tí wọ́n bá tú u, tuntun ni wọ́n á fi dípò.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ìjọba. Láti 2009, IVA ni wọ́n ń pè é. Láti 1998 títí di ìgbà yẹn, SVA ló ń jẹ́. Ọkọ̀ àfọwọ́tò ò lè gba nọ́ńbà láìjẹ́ pé ó yege. Olùṣàyẹ̀wò á fẹ́ rí ẹ̀rí pé ọ̀pá sítíárìn lè ká tàbí kó ṣẹ́ kọ́rọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó tún máa ń wò ó bóyá sítíárìn máa padà sáàárín fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń rọra yí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe to táyà iwájú ló fà á, ó sì lè jẹ́ búṣì tó fún ọ̀pá jù tàbí jọ́ìntì tó tẹ̀ jù. Wọ́n á gbé ọkọ̀ náà padà sílé, bàbá á tún wọ abẹ́ rẹ̀.

Tó bá yege, òun àti ìyàwó rẹ̀ á gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀. Kò ní lọ jìnnà. Tí wọ́n bá dé, á gbé iwájú ọkọ̀ sókè, á fún ọmọ ní tọ́ọ̀ṣì kó tàn án sára àwọn bóòtù jọ́ìntì, níbi tó ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá lórí bóòtù àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí bóòtù bá ti yí, bó ti wù kó kéré mọ, ìlà náà ò ní bára mu mọ́.